Kanga Òjò Ilé Mi

Orin ni wọ́n fi pàdé Mwantumu Sefu lẹ́nu géètì èbúté Dar es Salaam láàárọ̀ ọjọ́ náà, orin aládùn tí kò dùn mọ́ ọn nínú. Àwọn obìnrin ìlú Pangani ló ń kọ ọ́. Wọ́n tò sórí bẹ́ǹṣì gígùn lábẹ́ igi fúrúùtù, oníkálukú ró kanga kan, aṣọ òwú aláwòrán ti etíkun, ó fi ìkejì rẹ̀ borí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún:

Ẹni tó ní òun ló lòkun,
Ẹ bi í, ibo ló gbẹ́ ẹ sí?
Ẹni tó ní òun ló niyọ̀,
Ẹ ní kó pe omi padà wálé.
Omi ti lọ o, iyọ̀ ti yọ́,
Ta ni yóò wá jẹ́rìí fún un?

Ní etíkun yẹn, orin èébú kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá yíjú wò ló fọwọ́ ara rẹ̀ gba orin náà. Mwantumu ti mọ èyí láti kékeré, kò yíjú. Ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó ń lọ ní tirẹ̀. Àmọ́ àgbà ló jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹni tó bá sì gba iwájú àgbà kọjá láìkí wọn, ilé tí wọ́n ti bí i ló dójú tì. Ó dúró, ó tẹrí ba.

"Shikamoo, ẹ̀yin ìyá mi."

Ìyá tó ń lé orin dá ohùn dúró níbi tó bá a dé. Bi Sikujua Omari ni wọ́n ń pè é, torí Bi ni wọ́n fi ń pe àgbà obìnrin níbẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere bí ojú ẹja tútù. Òun ni olórí ẹgbẹ́ wọn.

"Marahaba, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?"

"Dáadáa ni, Bi."

"Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Gbogbo wọn wà."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ìkíni parí, ìyá náà sì bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ padà láti ibi tó fi í sí, ó tún fi ohùn kún un. Ìkíni ni ìkíni, ìjà ni ìjà, kò sẹ́ni tó ní kí àwọn méjèèjì jọ máa sùn lórí ẹní kan.

Ìdí tí wọ́n fi ń kọrin bú u kò fara sin. Àwọn obìnrin yìí ti dá èsúsú jọ títí, owó àgbọn, owó ẹja gbígbẹ, wọ́n ní àwọn fẹ́ tẹ kanga tiwọn kí wọ́n tà á ṣáájú ọdún Ìtúnu. Wọ́n kọ́kọ́ lọ bá ilé-iṣẹ́ aṣọ Bwana Hemed Nassoro ní Morogoro. Àwọn ará ibẹ̀ ní iṣẹ́ wọn kéré jù, ẹ̀rọ àwọn kì í jí dìde nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin náà bá fi ránṣẹ́ sí Íńdíà, ibẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fún wọn, ọkọ̀ ojú omi gbé e dé. Kò ì tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ dáadáa tí àwọn aṣojú ìjọba fi tì í mọ́ inú àká: Bwana Hemed ní àwòrán òun ni wọ́n jí tẹ̀. Bí Mwantumu bá wọlé lọ lónìí, tó ní ayédèrú ni, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni wọn yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ dáná sun. Bó bá ní kì í ṣe ayédèrú, wọ́n á tú u sílẹ̀ fún wọn. Kò sí ọ̀nà kẹta.

Nítorí iṣẹ́ Mwantumu nìyẹn. Lọ́yà ni, àmọ́ kì í ṣe lọ́yà olè tàbí ti oníjà ilẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ aṣọ ló ń ṣojú fún. Ohun tí ènìyàn bá forí ara rẹ̀ rò, tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà, kí ẹlòmíràn má jí i tà, ohun tó ń jà fún nìyẹn, ní ọ́fíìsì ìjọba, ní èbúté, ní Dodoma lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin. Ó sì gbà á gbọ́ bí ẹní gba àdúrà gbọ́. Ọmọbìnrin kan wà ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan tó ya ẹja méje tí ń yí kànga omi ká. Àwòrán náà rẹwà dé ibi pé àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ gan-an ń bèèrè tiwọn. Kí ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ tán, òjíji rẹ̀ ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ní gbogbo ìsọ̀ ọjà Kariakoo, aṣọ ọ̀rá tó ń dún wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀ọ̀rọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí mọ́ni lára. Wọ́n kó ojúlówó dà nù, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ó wá ń din ẹ̀gẹ́ tà níbùdó bọ́ọ̀sì. Mwantumu ti ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Kò lè jẹ ẹ́.

Ìdí nìyẹn tó fi ń lépa òfin tuntun kan, tí yóò gba àwòrán ayàwòrán lọ́wọ́ olè, bí ẹni ń lé ewúrẹ́ tó wọ oko. Ọjọ́ kejì ni àwọn aṣòfin máa jókòó lé e lórí ní Dodoma. Bwana Hemed, tó tún jẹ́ alága ẹgbẹ́, ti pe àwọn oníkámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n wá síbi iná, kí àwọn aṣòfin lè rí i lálẹ́ bí ayédèrú ṣe ń jó, kí ọkàn wọn lè le. Gbogbo ètò ti tò bí eyín.

Àfi pé ojú Mwantumu ṣèèṣì lọ síbi ìdí Bi Sikujua.

Kanga tí ìyá náà ró, ìkòkò kọfí onímú gígùn ló wà láàárín rẹ̀, èso kajú sì yí i ká létí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwòrán yẹn gan-an ló wà nínú báàgì Mwantumu, lára aṣọ Bwana Hemed tó mú wá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó kọ́kọ́ rò pé, ẹ wo ìwọ̀sí, wọ́n tiẹ̀ ti ró ẹrù ọ̀hún wá bá mi. Ó tún un wò. Pupa rẹ̀ ti di àwọ̀ ẹran sísè, dúdú rẹ̀ ti di eérú, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ká etí rẹ̀, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ níbi méjì pẹ̀lú aṣọ tí òun náà ti gbó.

"Bi, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti ra kanga yìí?"

Orin dúró. Àwọn obìnrin náà wo ara wọn.

"Èmi kọ́ ni mo rà á," Bi Sikujua wí. "Orí ẹ̀ ni ìyá mi bí mi sí."

"Bó o bá rí àbààwọ́n kan lára ẹ̀ tí kò ṣe é fọ̀," obìnrin kan tó sanra lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dá sí i, "Bi Sikujua fúnra ẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, bẹ́ǹṣì ń mì. Ìyá tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló rẹ́rìn-ín jù, ó gbá obìnrin tó sanra náà léjìká. Mwantumu kò lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí etí kanga àtijọ́ náà ló ń kà, torí kò sí kanga tí kò lọ́rọ̀ létí, òun sì ni gbogbo ènìyàn fi ń pè é. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: Òjò ilé mi ti rọ̀, ẹ lọ wo ojú ọ̀run tiyín. Èyí tó wà létí ti Bwana Hemed ni: Ìfẹ́ ìyá kò lópin.

Ó rántí bí òun ṣe lọ forúkọ àwòrán náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba lórúkọ Bwana Hemed. Nídìí òwò kanga, bí ọ̀rọ̀ etí aṣọ bá ti yí padà, aṣọ tuntun dé nìyẹn. Báyìí ni àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ṣe ń sọ ọ́, báyìí ni àwọn onísọ̀ ṣe ń sọ ọ́, báyìí ni òun náà ṣe gbọ́ ọ dàgbà. Ó ti wá a bóyá ẹnì kan ti forúkọ Ìfẹ́ ìyá kò lópin sílẹ̀ rí, kò rí ẹnikẹ́ni, ó fọwọ́ sí i. Kò béèrè ibi tí ìkòkò kọfí ti wá. Ta ni í béèrè ìkòkò kọfí?

Ó wọ inú ọgbà èbúté. Àwọn aláàárù ń ru àpò ìrẹsì sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ kan, wọ́n ń fi orin gbé ẹsẹ̀ wọn:

Gbé e, gbé e, kò wúwo,
Ẹrù ẹlẹ́rù kò wúwo,
Ìgbà tó bá di tèmi
Lọrùn yóò tó mọ̀ pé ó ń gbé e.

Bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń rò ó lọ ló ń rò ó bọ̀. Ó ní àbí wọ́n fi omi iyọ̀ àti oòrùn ṣá aṣọ náà ni? Àwọn èèyàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọn kì í fi omi iyọ̀ ká etí aṣọ. Ó tún ní, ta ló máa mọ̀? Ìyá kan láti Pangani, ibi kan tí wọ́n lẹ̀ lára aṣọ kan. Kí ni ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin tó máa gba gbogbo ayàwòrán orílẹ̀-èdè sílẹ̀? Bí wọ́n bá tú ẹrù yìí sílẹ̀ lónìí lójú kámẹ́rà, àwọn tó ń ta ayédèrú gangan ló máa jó ijó ayọ̀. Wọ́n á ní ẹ wò ó, ẹ̀sùn èké ni wọ́n ń fi kàn wá. Òfin náà á kú kí wọ́n tó bí i.

Nígbà tó fi máa dé ẹnu ọ̀nà àká, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ara rẹ̀ gbọ́.

Nínú àká, ooru wà níbẹ̀ bí inú ààrò. Ìdì aṣọ náà dúró ní òkìtì, wọ́n ti fọ́ ọ̀kan, kanga rọra yọ jáde láti inú rẹ̀, pupa rẹ̀ tuntun, dúdú rẹ̀ ń dán, ọ̀rọ̀ òjò yẹn náà ló wà létí rẹ̀. Bwana Lusekelo Mwaipaja, ọ̀gá tó ń ṣojú ìjọba, jókòó sórí àga ike, ó ń fi bébà fẹ́ ara rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó wá láti orí òkè lọ́hùn-ún ní Mbeya, ó sì máa ń sọ pé ooru Dar ni yóò pa òun kí owó ìfẹ̀yìntì òun tó jáde. Bwana Hemed dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀wù kanzu gígùn funfun, fìlà rẹ̀ mọ́ tónítóní, inú rẹ̀ dùn. Àwọn oníkámẹ́rà jókòó sórí pákó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń yán. Kẹ́ẹ̀gì epo dísù tí wọ́n máa fi dáná sun ún ti wà lórí ọkọ̀ níta, òórùn rẹ̀ ń wọlé.

Bwana Lusekelo kí i, ó bi í léèrè bó ti mumi, ó ní kó wá wo ẹrù náà kí àwọn parí ẹ̀ kí oòrùn tó dé àtàrí. Mwantumu ní kó ṣe òun sùúrù díẹ̀, òun fẹ́ bá alága òun sọ̀rọ̀. Ó fa Bwana Hemed lọ sẹ́yìn òkìtì aṣọ.

"Bwana Hemed, ẹ dákun, ta ló ya àwòrán yìí fún yín?"

"Ayàwòrán mi ni."

"Níbo ló ti rí i?"

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni wo ọmọ tó ń béèrè ibi tí oòrùn ń sùn. Ó sọ ọ́ fún un láìfi pa mọ́, torí kò rí ohun tó burú níbẹ̀: àpótí ìyá ìyàwó ayàwòrán náà ni. Ìyá yẹn kú, wọ́n ṣí àpótí rẹ̀, kanga ìgbà láéláé kún inú rẹ̀. Ayàwòrán mú èyí tó wù ú, ó tún un yà, wọ́n yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

"Ọ̀rọ̀ ti yí, aṣọ ti di tuntun," ó wí. "Ìwọ náà lo sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ etí ẹ̀ ló sọ ọ́ di aṣọ, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀ sí tiyín, wọn ò jí nǹkan kan."

"Wọ́n jí àwòrán mi."

"Bó bá sì jẹ́ àwòrán ni, Bwana, inú àpótí aṣọ ìyá tó kú lẹ ti mú un."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà díẹ̀díẹ̀ bí omi tó ń fà sẹ́yìn létí òkun, Mwantumu sì rí ohun tó wà nísàlẹ̀.

Kò pariwo, ohùn rẹ̀ tiẹ̀ tún wálẹ̀. Ó ní ta ló mú un wá látinú ọ́fíìsì kékeré tó wà nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀? Ta ló ń fi í hàn fún mínísítà? Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ òun ní Morogoro ń wo ẹnu òun, bí ilẹ̀kùn bá tì, kí Mwantumu lọ ṣàlàyé ìkòkò kọfí fún wọn. Ó ní àtìgbà tí wọ́n ti ń gbìyànjú òfin yìí, àìsí àpẹẹrẹ tó hàn gbangba ló ń pa wọ́n, òun sì ti wá àpẹẹrẹ, òun ti pe kámẹ́rà, òun ti ra dísù.

"Kò sẹ́ni tó ní kó o purọ́," ó parí ẹ̀. "Àwòrán méjèèjì bára mu àbí wọn ò bára mu? Sọ pé wọ́n bára mu. Òótọ́ nìyẹn. Kó o wá máa bá mi lọ síbi iná."

Òótọ́ ni lóòótọ́. Ohun tó jẹ́ kó burú nìyẹn. Ó lè sọ ọ́ láìtẹ orúkọ Ọlọ́run mọ́lẹ̀, kó padà sílé, kó jẹun, kó sùn. Ó ṣe é bíi pé kí wọ́n má tiẹ̀ bí i sáyé.

Bwana Lusekelo pè wọ́n. Wọ́n padà síwájú rẹ̀. Mwantumu yọ aṣọ inú báàgì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó jáde látinú ìdì. Ìkòkò kọfí kọjú sí ìkòkò kọfí. Kajú kọjú sí kajú. Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó síwájú, ó wò ó sẹ́yìn, ó ní àwòrán yìí bára mu tó bí ìbejì. Bwana Hemed mí kanlẹ̀. Ara rẹ̀ tún yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fún ọ̀gá náà àti àwọn oníkámẹ́rà tó ti gbé orí sókè. Ó ní ẹ̀yin èèyàn yìí kò mọ ohun tí àwọn olè yìí ń fojú wa rí. Ó ní kí wọ́n lọ sí Kariakoo, kí wọ́n lọ sí Tanga, kí wọ́n dé Mwanza.

"Ẹ dé ìsọ̀ èyíkéyìí," ó wí, "ẹ ní kí wọ́n fún yín ní Òjò Ilé Mi. Tèmi ni wọ́n á yọ fún yín. Kò sí kanga tó ń tà bí Òjò Ilé Mi nínú gbogbo èyí tí mò ń tẹ̀."

Bwana Lusekelo gbójú sókè. Ó tún bojú wo ilẹ̀. Ó fi ìka tọ etí aṣọ Bwana Hemed, ó ń kà á bí ọmọdé, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.

"Bwana," ó wí, "níbo ni òjò wà lára tiyín?"

Bwana Lusekelo gbé etí aṣọ náà sókè fún un rí.

"Ìfẹ́ ìyá ni mo rí níbí. Ara tàwọn ìyá yẹn ni mo ti rí òjò."

Bwana Hemed rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gbígbẹ. Ó ní bí àwọn obìnrin ṣe ń pè é nìyẹn, ẹ mọ obìnrin, ohun tó bá ti mọ́ wọn lẹ́nu ni wọ́n ń sọ. Ọ̀gá náà béèrè pé ìgbà wo ló ti mọ́ wọn lẹ́nu. Bwana Hemed ní òun ò mọ̀. Ọ̀gá náà ní ṣé ṣáájú kí tiyín tó jáde ni tàbí lẹ́yìn ẹ̀? Bwana Hemed ní ọ̀rọ̀ òfin ni wọ́n wá sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ, lọ́yà ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, kí wọ́n bi lọ́yà.

"Ẹ ṣeun," Bwana Lusekelo wí. Ó yí àga ike rẹ̀ sí Mwantumu. "Dada, arábìnrin mi, ẹ̀yin lẹ forúkọ àwòrán yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni mo ti ń bá ṣiṣẹ́ látọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín, ẹrù tẹ́ ẹ bá ní kí n sun, mo ń sun ún, ẹrù tẹ́ ẹ bá ní kí n tú sílẹ̀, mo ń tú u sílẹ̀. Ayédèrú ni èyí, àbí kì í ṣe ayédèrú?"

Fèrè ọkọ̀ ojú omi kan dún lọ́nà jíjìn. Ọ̀kan nínú àwọn oníkámẹ́rà ti gbé kámẹ́rà sí èjìká, iná pupa kékeré rẹ̀ ti tàn. Mwantumu rí ojú Bwana Hemed tó ń wò ó, kò bẹ̀ ẹ́, kò halẹ̀ mọ́ ọn, ó kàn ń wò ó ni bí ẹni ń wo ẹ̀rọ tó ti sanwó fún. Ó rò ó pé òun lè ní wọ́n bára mu. Ẹnu rẹ̀ ti yà. Ó rí ìka ọwọ́ ara rẹ̀ lórí aṣọ tuntun náà, ó rí òwú rẹ̀, òwú gidi, aṣọ tó máa pẹ́, tí ènìyàn lè bímọ sórí rẹ̀.

"Kì í ṣe ayédèrú," ó wí.

Ó tún un sọ.

"Kì í ṣe ayédèrú, Bwana. Àwòrán yìí ti wà kí Bwana Hemed tó ní ilé-iṣẹ́. Kì í ṣe tirẹ̀, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kọ ọ́ sórúkọ rẹ̀. Mo ṣì í kọ. Ọ̀rọ̀ etí ẹ̀ nìkan ni mo wò."

Bwana Lusekelo mi orí díẹ̀díẹ̀. Kò yìn ín, kò bú u. Ó pe àwọn aláàárù pé kí wọ́n wá gbé ẹrù àwọn ìyá Pangani fún wọn, kí ẹnì kan sì bá òun gbé kẹ́ẹ̀gì dísù yẹn kúrò nítòsí ilé, torí òun ò fẹ́ kú sí Dar.

Bwana Hemed ṣáájú jáde sínú oòrùn. Awakọ̀ rẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú ọkọ̀, ó dúró.

"Má lọ sí Dodoma lọ́la."

"Màá lọ, Bwana."

"Lórúkọ ta?"

Ilẹ̀kùn pa dé. Ọkọ̀ náà sì lọ, èyí tó gbé Mwantumu wá láàárọ̀, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ nínú abọ́ lórí àga ẹ̀yìn.

Ó rìn dé géètì. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, aláàárù kan ló sáré gbé e lọ. Ó rò pé wọ́n á dìde kí òun. Kò sẹ́ni tó dìde. Àwọn obìnrin náà ń wò ó bí ẹni ń wo ajá tó dáwọ́ gbígbó dúró, tí a kò tíì mọ̀ bóyá ó fẹ́ bu ni jẹ ni.

Bi Sikujua fìdí sún díẹ̀. "Jókòó. Oòrùn yìí kì í mọ lọ́yà yàtọ̀."

Ó jókòó. Wọ́n gbé kọfí gbígbóná nínú ife kékeré lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú ègé àdídùn ẹ̀pà kan. Obìnrin tó sanra náà ń wò ó títí tó fi mu ún tán, kó tó béèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn. Ó ní tí kò bá ṣe ti Hemed mọ́, kí Mwantumu yáa kọ ọ́ sórúkọ àwọn báyìí, kí àwọn lè máa sun ti Hemed.

Mwantumu ní kò ṣeé ṣe. Ó ní ìyá tí kò lórúkọ ló ya àwòrán yẹn, gbogbo etíkun ló ti bímọ sórí rẹ̀. Bwana Hemed lè máa tẹ̀ ẹ́. Àwọn náà lè máa tẹ̀ ẹ́.

"Ohun tó o gbà lọ́wọ́ Hemed, o ò ní í fún àwa náà?"

"Mi ò lè fún yín, Mama."

"Lọ́yà ni ọmọ yìí lóòótọ́," obìnrin náà wí, ẹ̀rín sì bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn, ẹ̀rín gidi lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣe Mwantumu náà bíi kó rín, ó sì rín in, omi bọ́ lójú rẹ̀ níbi tó ti ń rín in.

Wọ́n háyà ọkọ̀ akẹ́rù kan. Àwọn aláàárù to ìdì aṣọ sínú rẹ̀ títí ó fi ga ju orí awakọ̀ lọ. Ọkọ̀ náà máa gba iwájú ibùdó bọ́ọ̀sì tó ń lọ Dodoma kọjá kó tó yà sójú ọ̀nà Pangani, Mwantumu sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé òun débẹ̀. Kò sáyè níwájú. Ọwọ́ obìnrin mẹ́ta ló fà á gun òkè, pẹ̀lú bàtà rẹ̀ àti báàgì rẹ̀, ó bá ara rẹ̀ lórí ẹrù tó wá sun.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin bí táyà ti yí:

Òjò rọ̀ o, òjò rọ̀,
Ó rọ̀ sórí páànù, ó rọ̀ sórí ewé,
Ó rọ̀ fólóko, ó rọ̀ fálágbàro,
Kò bèèrè ẹni tó nilé o,
Ẹ gbágbá yín síta kẹ́ ẹ gbomi.

Fóònù rẹ̀ ń dún nínú báàgì, ó ń dákẹ́, ó tún ń dún. Orúkọ ẹgbẹ́ ló ń hàn lójú rẹ̀. Ó mọ̀ pé kí bọ́ọ̀sì òun tó dé Dodoma, lẹ́tà á ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀ pé kì í ṣe aṣojú wọn mọ́. Wọ́n lè má jẹ́ kó wọlé rárá. Bí wọ́n bá jẹ́ kó wọlé, ẹ̀yìn àwọn ará ìlú tó wá wòran ni wọ́n máa fi í sí, yóò sì nawọ́ bíi tiwọn títí tí wọ́n á fi pè é.

Ó sọ ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tó ya ẹja méje fún Bi Sikujua, torí ìyá náà béèrè ohun tó tún ń wá lọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ti lé e. Ìyá náà tẹ́tí sí i dópin. Ó ní ẹ̀gẹ́ dídín dára o, àmọ́ kì í ṣe ohun tó yẹ kí ọwọ́ tó lè ya ẹja máa ṣe.

"Tó o bá wá débẹ̀," ó wí, "kí lo máa kọ́kọ́ sọ fún wọn?"

Ọkọ̀ bọ́ sínú kòtò, ìdì aṣọ yẹ̀, gbogbo wọn di ara wọn mú.

"Màá sọ fún wọn pé díẹ̀ ló kù kí n sun èyí torí ọ̀rọ̀ etí ẹ̀ nìkan ni mo wò," Mwantumu wí. "Kí ẹgbẹ́ tó sọ fún wọn."